Fíríìjì Inú Yanrìn Àmù

Ní ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, ìbéèrè méjì ni àwọn ará àdúgbò wa ní Èsìẹ́ ń bi mí ṣáá. Èkíní ni pé, nígbà tí wọ́n ti ní a kì í ṣe ará Àríwá mọ́, ta ni a wá jẹ́. Èkejì ni pé báwo ni iná ṣe ń mú omi tutù. Tíṣà ni mí, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti mísọ̀n ni mo ti ń kọ́ni, wọ́n sì gbà pé ohun tó bá ṣòro, tíṣà ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ti èkíní, rédíò ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wa díẹ̀díẹ̀. Ti èkejì, inú ilé mi ló wà, kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ kó yé mi títí di òní.

Mo pẹ́ kí n tó lọ sílé ìwé. Irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n mi nígbà tí mo kọ́kọ́ di síléètì mú, láàárín àwọn ọmọ tí mo lè gbé kọ́ èjìká. Nítorí náà, ohun tí mo mọ̀, inú ìwé ni mo ti rí i, ohun tí ìwé kò bá sọ, mi ò lè fi kún un. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá, ewé, omi, afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ kòkòrò, àdúrà mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má na ọwọ́ sókè.

Ìyàwó mi, tó ti di olóògbé báyìí, kò jókòó ní kíláàsì rí, ṣùgbọ́n òun gan-an ló máa ń na ọwọ́ sókè. Bí mo bá dé láti ilé ìwé, yóò gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún mi, yóò padà sídìí òfì rẹ̀, yóò ní, "Tíṣà, kí lẹ kọ́ wọn lónìí?" Bí mo bá sọ pé mo kọ́ wọn pé omi odò ń gòkè lọ sójú ọ̀run kó tó rọ̀ bí òjò, yóò ní, "Ta ló rí i nígbà tó ń lọ?" N ó máa jẹun lọ.

Kíjìpá ló ń hun, bí ìyá rẹ̀ ti hun ún. Ṣùgbọ́n àǹkárá ti gbòde nígbà náà. Kò sí ẹni tó ń béèrè kíjìpá mọ́ àfi bí òkú bá kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà ní Gánà, ní ìhà Tamale, bí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ṣe wà níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ó ń ta abọ́ onítánganran. Ó ránṣẹ́ pé kí àbúrò òun máa bọ̀, pé àyè wà ní ìsọ̀ òun.

Ìyàwó mi kò fi í pamọ́ fún mi. Ó ní, "Ẹ wò ó, mi ò lè máa hun aṣọ òkú títí èmi náà yóò fi kú. Bí mo bá rí òwò gidi ṣe níbí, n ó jókòó. Bí mi ò bá rí i, nígbà tí àwọn èèyàn wa tó ń gbé Gánà bá ń padà lẹ́yìn ìjẹṣu, n ó tẹ̀lé wọn. N ó gbé ọmọ dání."

Ọmọ kan ṣoṣo ni a ní, obìnrin, kò tíì ju ẹni tó ń fi ọwọ́ mú etí ìró ìyá rẹ̀ rìn lọ. Èmi kò lè lọ sí Gánà. Ìwé ẹ̀rí tí mo fi òógùn gbà, mísọ̀n ilé wa ló mọ iyì rẹ̀. Ohun tó yẹ kí n sọ pọ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, "Mo gbọ́."

Láàárín oṣù yẹn ni òyìnbó obìnrin kan tó ń kọ́ni ní Òmù-Àrán ń kẹ́rù láti padà sí ìlú rẹ̀. Ó ní fíríìjì kan tó ń fi kẹrosíìnì ṣiṣẹ́, nítorí iná mànàmáná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ó sì fẹ́ràn kíjìpá. Ìyàwó mi kó gbogbo èyí tó wà nínú àpótí rẹ̀, títí kan èyí tí ìyá rẹ̀ hun fún un nígbà ìgbéyàwó wa, ó gbé e lọ bá òyìnbó náà. Òyìnbó kó aṣọ, ìyàwó mi gba fíríìjì. Ó ní ẹlẹ́rìndòdò tútù ni òun yóò máa tà fún àwọn tó ń wá wo àwọn ère òkúta àtijọ́ ìlú wa, àti fún àwọn ọlọ́kọ̀. Kò sí ẹni tó ń ta irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa.

Awakọ̀ kan, ọmọ Ìlọrin, tó máa ń fi lọ́rì kó iṣu lọ́nà Òmù-Àrán, ló bá wa gbé e dé. Ó tẹ́ ẹ gbalaja sórí iṣu bí ẹni gbé aláìsàn. Nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán, ó yí i ká.

"Tíṣà, kí lẹ ń fi àpótí yìí ṣe?"

"Omi tútù."

"Kí ló ń mú un tutù?"

Ìyàwó mi ló dá a lóhùn. "Iná."

Ó wò mí.

"Wàláhì, n ó máa bọ̀ wá wò ó," ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá mi ń gbé pẹ̀lú wa. Nígbà tí a ń jiyàn nípa ibi tí a ó gbé fíríìjì sí, òun ló parí ẹjọ́ náà. Ó ní, "Ṣé nǹkan tútù ni?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ibo ni nǹkan tútù ń gbé nínú ilé yìí?"

Ìdí àmù ni. Ẹni tó bá mọ ilé wa nígbà náà yóò mọ̀ ọ́n: igun kan lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn kì í dé, tí a da yanrìn odò sí, tí a ri àmù omi mímu mọ́ ọn dé àyà. Àràárọ̀ àti alaalẹ́ ni a máa ń wọ́n omi sí yanrìn náà. Bí yanrìn bá ti tutù, omi inú àmù yóò tutù. Kò sí ẹni tó kọ́ wa, a bá a bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi náà kò jiyàn. Ó tilẹ̀ bá ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ mu, pé àmù ń làágùn, pé bí òógùn náà ti ń gbẹ ni omi inú rẹ̀ ń tutù. Inú mi dùn pé ìwé àti ìyá mi sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan. A gbé àmù kan kúrò, a gbẹ́ yanrìn, a gbé fíríìjì sí àyè rẹ̀, a wa yanrìn yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Iwájú nìkan la fi sílẹ̀, níbi tí agbè kẹrosíìnì rẹ̀, tí òwú iná wà lórí rẹ̀, ti ń wọlé. Mo tan òwú rẹ̀ bí òyìnbó ti fi han ìyàwó mi. Ìyàwó mi bu omi, ó wọ́n ọn sí yanrìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, omi tí a gbé sínú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. A ní bóyá ó ń sinmi nítorí ìrìn àjò. Ní ọjọ́ kẹta, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyàwó mi bu omi àmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó bu ti inú fíríìjì, ó tọ́ ọ wò. Ó fún mi ní méjèèjì mu. Ti àmù ló tutù jù.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ẹ́ káàkiri ní ìlú kékeré. Obìnrin kan tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà yọjú sí wa láàárọ̀ pẹ̀lú garawa lọ́wọ́.

"Ìyàwó Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi gbígbóná nínú fíríìjì yín. Ọmọ fẹ́ wẹ̀."

"Ẹ dúró kó hó," ni ìyàwó mi dá a lóhùn.

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà lọ tán, mo rí i tí ìyàwó mi jókòó ti òfì rẹ̀ tí kò sí òwú kankan lórí rẹ̀.

Àwọn àgbà ọkùnrin tó máa ń jókòó lábẹ́ igi lẹ́nu ọ̀nà wa náà dá sí i. Ọ̀kan ní iná kì í bí òtútù láéláé, pé òyìnbó ti lu wá ní jìbìtì. Èkejì ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ṣé a kò rí i pé ẹni tí ibà mú, bí ara rẹ̀ bá gbóná jù, òtútù ni yóò máa pa á. Wọ́n jọ yíjú sí mi. "Tíṣà, àbí?" Ọ̀rọ̀ ibà yẹn dà bí òtítọ́. Mo rò ó dé ilé, mo rò ó sùn. Nígbà tó di àárọ̀, kò jọ òtítọ́ mọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ibi tó ti bàjẹ́.

Mo ránṣẹ́ sí àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé girama kan. Ó kàwé jù mí lọ jìnnà. Ó gun alùpùpù rẹ̀ wá láti Òkè-Onígbìn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìyàwó mi kì í pe orúkọ rẹ̀, Akọ̀wé ló ń pè é, nítorí ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé ìyàwó mi wọlé.

"Akọ̀wé, ẹ sọ ọ́ fún wa kó yé wa," ni ìyàwó mi wí. "Ó ti rẹ Tíṣà tiwa."

Àbúrò mi ní kó na ọwọ́. Ó yọ ìgò sípírítì kékeré kan nínú àpò, ó kán an sí i lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i.

"Ìyàwó, báwo ló ṣe rí lára rẹ?"

"Ó tutù."

"O ṣeun. Bí fíríìjì ṣe ń ṣe nìyẹn."

Ìyàwó mi wo apá rẹ̀ síwá sẹ́yìn. "Iná dà?"

"Iná wo?"

"Lápá mi yìí. Ẹ ní bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Iná dà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó dáadáa. Ó ní omi kan wà nínú àwọn irin tó wà lẹ́yìn fíríìjì tí kì í ṣe omi. Iná ń lé e lọ sókè bí oru. Bó bá dókè, yóò fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn níta, yóò padà di omi, yóò ṣàn wọ inú. Níbi tó bá ti tún fẹ́ di oru, yóò jí ooru tó wà nínú àpótí gbé lọ.

"Olè ni, nígbà náà," ni ìyá mi wí láti orí àga rẹ̀.

"A lè pè é bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ẹ rí i, òtútù fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Àìsí ooru lásán ni."

"Òtútù kì í ṣe nǹkan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kí ló wá ń já mi léegun nígbà ọyẹ́?"

"Àìsí ooru ni, Ìyá."

"Àìsí nǹkan ló ń já mi léegun." Ìyá mi wò ó títí. "Ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

A rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ iná, ó ní àwọ̀ rẹ̀ dára. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì, ó ní ó gbóná bó ṣe yẹ. Ó ní kò sí ìdí tí kò fi yẹ kó tutù. Ó jẹ iyán, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Omi náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ohun tó dàrú mọ́ mi lójú jù ni pé mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yé mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó wọn jọ, wọn kò dúró ti ara wọn. Iná ń lé omi tí kì í ṣe omi, omi náà ń jí ooru, iná náà sì ní ooru tirẹ̀, kí ló dé tí ti iná kò fi rọ́pò èyí tí omi jí? Mo gbìyànjú láti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ nílé ìwé. Nígbà tí mo dé ìdajì, mo pa á rẹ́, mo ní kí wọ́n mú ìwé orin wọn.

Ìjẹṣu dé. Àwọn ará Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, bàtà wọn ń dán, ọmọ wọn ń sọ èdè tí a kò gbọ́. Ìlú kún. Iṣu titun wà nínú gbogbo ìkòkò. Ìyàwó mi gbé àpótí tó máa ń kó kíjìpá sí síta, ó nu inú rẹ̀, ó sá a sí oòrùn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo rí i tó ń ká aṣọ ọmọ wa sínú rẹ̀. Mi ò bi í. Mo lọ kúnlẹ̀ nídìí fíríìjì lórí yanrìn tútù, mo ń wo iná náà. Ó ń jó láìmi. Mi ò mọ ohun tí mo ń retí láti rí níbẹ̀.

Ọjọ́ díẹ̀ sí i, awakọ̀ ọmọ Ìlọrin yà sọ́dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bó ti sọ. Ó bi wá léèrè omi tútù. Ìyàwó mi bu ti àmù fún un. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní òun mọ kúkù kan ní Ìlọrin tó ti bá òyìnbó ṣiṣẹ́ títí irun rẹ̀ fi funfun, pé òun yóò bi í. Nígbà tó ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, kò tilẹ̀ pa ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, kúkù ní ohun inú rẹ̀ ló dì. Ó ní kí ẹ gbé e dorí kodò."

"Dorí kodò?"

"Orí nílẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe máa ń ṣe é."

"Aláìsàn ni ẹ fẹ́ gbé dorí kodò yìí o," ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà abẹ́ igi wí.

"Bàbá, kì í ṣe èèyàn."

"Bí kì í bá ṣe èèyàn, kí lẹ fẹ́ kó sùn mọ́jú fún?"

Mo wo ìyàwó mi. Ó ti ń ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ìyá mi kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ó ti lọ sí Rórẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n ní òkú àgbà kan láti sin. Mo pa iná, mo fa agbè kẹrosíìnì yọ. Awakọ̀, èmi, àti ìyàwó mi, a gbé fíríìjì yọ nínú yanrìn. Ìdí àmù kò gba èèyàn mẹ́ta, nítorí náà a gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ilé, a yí i, a fi orí rẹ̀ lélẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin na sókè pẹ̀lú yanrìn tútù. Awakọ̀ wò ó, ó ní ó dà bí ewúrẹ́ tó kú sójú títì. Ẹ̀rín tó mú mi nígbà náà, mi ò lè dá a dúró. Mo ní láti lọ fara ti ògiri.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn obìnrin ará Gánà mẹ́ta wá bá ìyàwó mi sọ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò. Ọkọ̀ wọn yóò gbéra ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń wo ara wọn. Inú yàrá ni mo wà, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Ní ọjọ́ kejì, a gbé e dìde. Ìyàwó mi ní kí a fi í sílẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó wà, pé ìdí àmù ti di ẹrẹ̀, pé bí kò bá ní í ṣiṣẹ́ náà, níwájú ilé ló ti máa rọrùn láti gbé e jù nù. Mo tan òwú rẹ̀. A kò fi ojú sí i mọ́.

Láàárọ̀ tó tẹ̀lé e, mo ń bọ ṣẹ́ẹ̀tì sọ́rùn láti lọ sílé ìwé nígbà tí ìyàwó mi pè mí. Kò pariwo. Ó gbé àwo omi kan jáde nínú fíríìjì. Ojú omi náà ti dì bí dígí. Ó fi ìka fọ́ ọ, ó gbé ègé kan lé mi lọ́wọ́.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó ń jó mi."

"Kí ló ń jó yín, iná ni àbí òtútù?"

"Mi ò mọ̀," ni mo wí. Òótọ́ ni.

Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ ní ìmọ̀ràn kúkù ló ṣe é, ó sì ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri ní gbogbo ọ̀nà Ìlọrin. Àbúrò mi padà wá, ó wo ibi tí fíríìjì ti wà tẹ́lẹ̀, ó lu orí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní yanrìn ni. Ó ní fíríìjì yẹn gbọ́dọ̀ dúró dọ́gba, kí ohun inú irin rẹ̀ lè ṣàn bó ṣe yẹ, pé yanrìn tí à ń wọ́n omi sí ti rì lápá kan, ó ti mú kó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun kò sì kíyè sí i lọ́jọ́ tí òun wá. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà dára. Mo fẹ́ gbà á.

Ìyá mi wá dé láti Rórẹ́. Ó fọwọ́ kan ìgò tó tutù, ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó jókòó, ó rò ó díẹ̀.

"Ó dára tí mi ò sí nílé," ni ó wí. "Èmi ni mo máa ń rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án."

Ìyàwó mi yíjú sí i. "Ìyá, ẹ máa ń kí ni?"

"Bí ẹ bá ti jáde. N ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó kù díẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ohùn yín, n ó gbé e sókè. Mo rí i pé ẹ fẹ́ kí nǹkan tutù, iná sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ọ̀dọ́ ni yín, ẹ kò rò ó dé ibẹ̀."

Kò sí ẹni tó lè bá a wí. Ohun tó yé e ló ṣe.

Báyìí, nǹkan mẹ́ta ni a yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: a gbé e dorí kodò, a gbé e kúrò nínú yanrìn, ìyá mi kò sì sí nílé láti rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀. Èwo ló ṣe é? Ìwé ẹ̀dá tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ sọ bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n: a ó dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó máa wò. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Mo ní kí a kọ́kọ́ gbé e padà sínú yanrìn fún ọjọ́ méjì péré.

Ó ń to ìgò sínú fíríìjì nígbà náà. Kò dúró.

"Ẹ fi ọwọ́ kàn án," ni ó wí, "kí ẹ rí ohun tí ojú yín yóò rí."

Mi ò fi ọwọ́ kàn án. Nítorí náà, mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Ọkọ̀ àwọn ará Gánà gbéra ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìyàwó mi kò sí nínú rẹ̀. Ó ti kó aṣọ ọmọ wa jáde nínú àpótí, ó sì ti kó ìgò òfìfo sínú rẹ̀. Òwò náà mú. Àwọn ọlọ́kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, àwọn tó wá wo ère òkúta ń béèrè ilé ẹlẹ́rìndòdò. Èmi ni mo ń tọ́jú iná. Kí n tó gbàdúrà àárọ̀, n ó ti rẹ́ òwú rẹ̀, n ó ti rọ kẹrosíìnì sí i, n ó fara balẹ̀ wo bó ṣe ń jó. Mo gbà pé ohun tó dá ìyàwó mi dúró sílé wà lábẹ́ fíríìjì yẹn, mi ò sì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rù ni yóò máa bà á nígbà gbogbo pé yóò dáwọ́ dúró. Nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́ tí kẹrosíìnì ṣọ̀wọ́n, mo rin ìrìn ẹsẹ̀ dé Òmù-Àrán nítorí agolo kan.

Lẹ́yìn ọdún bíi méjì, ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò kúrò ní ìlú àwọn. Àwọn èèyàn wa ń wọlé lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí orí lè gbé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wà lára wọn. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, eruku ọ̀nà wà lójú rẹ̀. Ìyàwó mi ṣí ẹlẹ́rìndòdò tútù fún un, ó sì lọ sẹ́yìn ilé láti gbé omi ìwẹ̀ kaná.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu díẹ̀. Ó nawọ́ sí fíríìjì.

"Ṣé èyí ni wọ́n ní ó dorí kodò?"

Mo ní òun ni.

"Àwọn obìnrin tó fẹ́ mú un bọ̀ nígbà yẹn fi í rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi ní Tamale. Wọ́n ní àwọn bá àbúrò mi nídìí àpótí kan tó na ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ní kó kẹ́rù, ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé òun kò wá mọ́." Ó mu sí i. "Inú bí mi sí i nígbà náà. Ẹ wá wo ibi tí mo wà lónìí."

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n wá yẹn, fíríìjì kò tíì tutù. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó mọ̀ pé yóò tutù láéláé. Kíjìpá ìyàwó mi ti lọ, aṣọ ọmọ ti wà nínú àpótí. Ohun tó ní òun yóò fi dúró kò tíì sí rárá, ó sì ti dúró.

Mo dìde, mo lọ bá a lẹ́yìn ilé. Ó ń kó igi sábẹ́ ìkòkò.

"Nígbà tí o ní kí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé o kò lọ mọ́," ni mo wí, "fíríìjì ṣì dorí kodò."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò tíì tutù."

"Kò tíì tutù."

"Kí ló wá dá ọ dúró?"

Ó fẹ́ iná náà títí ọwọ́ iná fi yọ sókè. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ nítorí èéfín, ó sì wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá ti ilé ìwé dé.

"Tíṣà, ṣé gbogbo nǹkan náà ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni?"

Mo dúró síbẹ̀ bóyá yóò sọ sí i. Ó ní kí n bá òun gbé garawa tó wà lẹ́bàá ògiri wá, pé ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé fẹ́ wẹ̀. Mo gbé e wá fún un.